Kọ́, Mọ, Sín, Ta: Ọ̀rọ̀-Ìṣe Nínú Àlàyé Bí Ẹ́ńsáìmù Ṣe Ń Ṣe Káítìnì

Bí ọ̀rọ̀ bá di ti kíkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀-orúkọ ni àwa olùkọ́ èdè sábà máa ń ṣe àríyànjiyàn lé lórí. Kí ni a ó pe nǹkan báyìí? Ṣé kí a yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò ni, àbí kí a ṣẹ̀dá tiwa? Àwọn aṣáájú wa ti ṣe iṣẹ́ ńlá lórí èyí. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, nínú èyí tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, kò lè ṣe kí ó má wá ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1984 lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, tí apá kejì sì tẹ̀ lé e ní 1990 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì, fún wa ní ohun èlò tí a fi ń sọ̀rọ̀ nípa èdè àti lítíréṣọ̀. A kò kó iyán iṣẹ́ wọn kéré. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀-orúkọ ti jẹ́ kí a gbàgbé ọ̀rọ̀-ìṣe, bẹ́ẹ̀ sì ni inú ọ̀rọ̀-ìṣe ni òye akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tọ́ tàbí tí ó ti ń wọ́.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni a ó fi ṣe àyẹ̀wò wa:

Ẹ́ńsáìmù ni ó ń kọ́ ògiri káítìnì fún ìwúkàrà.

Àwa fúnra wa ni a gbé gbólóhùn yìí kalẹ̀. A kò yọ ọ́ láti inú ìwé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò ní ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti yẹ ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ wò rí lórí àyọkà tí ó jẹ mọ́ sáyẹ́ǹsì. Gírámà rẹ̀ pé pérépéré. Ó ní olùwà, ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe, ó ní àbọ̀, a sì fi ‘ni’ pe àkíyèsí sí olùwà bí ó ti yẹ. Olùyẹ̀wò tí ó bá fún un ní máàkì kíkún kò ṣẹ òfin gírámà kankan. Síbẹ̀, bí a bá gbé e ka iwájú ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nínú sẹ́ẹ̀lì, díẹ̀ ni yóò kù nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tètè yanjú àwọn ọ̀rọ̀-orúkọ, nítorí wọn kì í ṣe ọ̀tá. ‘Káítìnì’ ni ohun líle tí ó wà lára èèpo edé, akàn àti kòkòrò. Òun náà ni ó wà lára olú àti gbogbo ohun tí a lè kó pọ̀ sábẹ́ ìran olú, títí kan ohun tí ó máa ń hù sára búrẹ́dì tí ó bá ti bu. Henri Braconnot, ará Faransé, rí i lára olú ní 1811. Auguste Odier tún rí i lára kòkòrò ní 1823, òun ni ó sì fún un ní orúkọ tí a ń pè é títí di òní. Láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan tí ó túmọ̀ sí ẹ̀wù ni ó ti mú orúkọ náà. Aṣọ ni ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ fi ojú inú rí. A ó tún nílò ọ̀rọ̀ yìí níwájú.

‘Ìwúkàrà’ ní tirẹ̀ ti wà nínú Bíbélì Yorùbá tipẹ́. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni, nítorí pé iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe ni a fi sọ ọ́ lórúkọ: ọ̀rọ̀-ìṣe ‘wú’ wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè gbọ́. Ohun abẹ̀mí tí ojú lásán kò lè rí yìí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Saccharomyces cerevisiae, wà nínú ẹmu pẹ̀lú. Òun wà lára àwọn tí ń sọ adùn ẹmu di kíkan àti ọtí. Ní ti ‘ẹ́ńsáìmù’, a yá a lò, kò sì sí ohun tí ó burú níbẹ̀.

Ibi tí ìjà wà ni ‘kọ́’. Kí ni ‘kọ́’ máa ń fi sí ọkàn ọmọ Yorùbá? A ń kọ́ ilé. Bí a bá sì fẹ́ ṣe é lọ́nà ti àtijọ́, a ó ní a ń mọ ògiri. Yálà ‘kọ́’ tàbí ‘mọ’, àwòrán kan náà ni: ẹnì kan dúró síta, ó gbé amọ̀ tàbí bíríkì láti ibòmíràn wá, ó tẹ́ ipele àkọ́kọ́ sílẹ̀, ó jẹ́ kí ó gbẹ, ó gbé òmíràn lé e. Ohun tí ó kọ́kọ́ tẹ́ sílẹ̀ kò ní kúrò nísàlẹ̀ títí láé. Òṣìṣẹ́ ni ó ń lọ sókè, tàbí kí ó máa yí ilé ká.

Ẹ wá wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì ni ṣúgà tí a fẹ́ lò wà. N-acetylglucosamine ni orúkọ rẹ̀. Ìbátan gílúkósì ni, àmọ́ ó ní nítírójìn lára. Ṣúgà yìí kì í dá rìn. Ohun kan tí a ń pè ní UDP ni ó máa ń pọ̀n ọ́n bí ìyá ti í pọn ọmọ. Iṣẹ́ lórí irú àwọn apọnṣúgà báyìí wà lára ohun tí Luis Leloir, ará Argentina, fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1970. Ní 1957, Luis Glaser àti David Brown fún omi ara Neurospora crassa, ọ̀kan nínú àwọn tí ń hù sára búrẹ́dì, wọ́n pèsè ṣúgà tí UDP pọ̀n fún un, káítìnì sì jáde láìsí sẹ́ẹ̀lì alààyè kankan níbẹ̀. Ẹ́ńsáìmù inú omi náà ni ó ṣe é.

Ẹ́ńsáìmù yìí kò rìn káàkiri ìta bí bírikìlà. Ó rì mọ́ inú awọ fẹ́lẹ́ tí ó yí sẹ́ẹ̀lì ká, ojú rẹ̀ kan kọ sínú, èkejì kọ síta. Ó gba ṣúgà lẹ́yìn UDP ní ojú tí ó kọ sínú, ó so ó mọ́ okùn ṣúgà tí ó há sínú òun fúnra rẹ̀, ó sì ti okùn náà síta ní ìwọ̀n ṣúgà kan. Ó tún gba òmíràn. Bí ọ̀kan bá dojú sókè, èyí tí ó tẹ̀ lé e yóò dojú délẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa ṣe lọ. Ibi tí a ti ń so tuntun mọ́ ọn ni orí tí ó wà nínú ẹ́ńsáìmù. Nítorí náà, ṣúgà tí a kọ́kọ́ so ni ó jìnnà jù lọ síta, òṣìṣẹ́ ni kò sì kúrò lójú kan. Òdìkejì iṣẹ́ bírikìlà gan-an ni èyí. Ọ̀rọ̀ yìí kò sì jẹ́ àbá lásán mọ́: ní 2022, àwọn onímọ̀ gbé àwòrán irú ẹ́ńsáìmù yìí jáde láti ara Candida albicans, àti láti ara Phytophthora sojae tí ó jọ ìran olú láìjẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Yàrá iṣẹ́ àti ọ̀nà tí okùn ń gbà kọjá nínú awọ hàn kedere nínú wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi ‘kọ́’ sọ́kàn kò lè rí èyí. Kì í ṣe pé òye rẹ̀ kéré. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fún un ni ó dí i lójú.

Ọ̀rọ̀-ìṣe wo ni yóò wá tọ́? Ẹnì kan lè kọ́kọ́ ronú kan ‘ran’, bí a ti ń ran òwú. Ó sàn ju ‘kọ́’ lọ, nítorí okùn ni ó ń ti ibẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ran òwú kò ka òwú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń fa òwú rírọ̀, ìrànwú sì ń lọ́ ọ. Kò sí ṣúgà kan-kan-kan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńsáìmù kì í lọ́ ohunkóhun.

‘Sín’ ńkọ́, bí a ti ń sín ìlẹ̀kẹ̀? Òun mú ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wá. Àtakò tí a lè ṣe sí i ni pé ìlẹ̀kẹ̀ kò lè dúró láìsí okùn tí a sín in sí, nígbà tí ó jẹ́ pé ṣúgà wọ̀nyí fúnra wọn ni okùn. Àtakò náà lágbára, àmọ́ ó yà wá lẹ́nu pé àwa onímọ̀ èdè ti dáhùn rẹ̀ tipẹ́ láìmọ̀. Kí ni a ń pe ọ̀rọ̀-ìṣe inú gbólóhùn bíi ‘Adé ra ẹran sè jẹ’? Ọ̀rọ̀-ìṣe àsínpọ̀ ni. Okùn wo ni a fi sín wọn? Kò sí ‘àti’ níbẹ̀, kò sí ‘sì’; ọ̀kan di èkejì mú ni. A ti fi ‘sín’ sọ̀rọ̀ ohun tí kò ní okùn, ẹnikẹ́ni kò sì ṣì wá gbọ́. A kò rí ìdí tí a kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún káítìnì. Kódà, ìhun àsínpọ̀ yìí bá iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù mu ju gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì èyíkéyìí lọ: ‘Ẹ́ńsáìmù ń gba ṣúgà sín tì síta.’ Olùwà kan, àbọ̀ kan, iṣẹ́ mẹ́ta tí kò ṣeé yà sọ́tọ̀, ní títẹ̀léra tí wọ́n ń gbà ṣẹlẹ̀.

Ohun tí ‘sín’ kò ní ni jíjáde láti inú ara òṣìṣẹ́. ‘Ta’ ni ó ní ìyẹn. A lè gbọ́ ‘ta’ àti ‘okùn’ nínú orúkọ alántakùn, kòkòrò tí ó ń yọ okùn láti inú ara rẹ̀. Àwọn kan lè ní ‘ta’ ti ní ìtumọ̀ jù: a ń ta ọjà, agbọ́n ń ta ènìyàn, ẹṣin ń ta ìpá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àbọ̀ ni ó máa ń yanjú irú pọ́nna bẹ́ẹ̀ ní èdè wa, ‘ta okùn’ kò sì lè ru ẹnikẹ́ni lójú.

‘Hun’ náà ní àyè tirẹ̀, bí a kò bá fi í sí ọwọ́ ẹni tí kò ni ín. Nígbà tí okùn káítìnì bá ti jáde síta, wọn a fà mọ́ra wọn, wọn a dì pọ̀ di fọ́nrán líle. Ẹnikẹ́ni kò dì wọ́n. ‘Dì’ níhìn-ín kò gba àbọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹ́ńsáìmù mìíràn, tí wọ́n ń gbé ní ìta awọ, yóò so káítìnì mọ́ gílúkánì tí ó jẹ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ògiri náà. Iṣẹ́ kan tí ó jáde ní 2007 fi hàn pé Crh1 àti Crh2 ni wọ́n ń ṣe èyí lára ìwúkàrà. Àwọn wọ̀nyí ni a lè sọ pé wọ́n ń hun. Ẹ rántí ẹ̀wù Odier. Bí ó bá jẹ́ pé àwa ni a ó tún un sọ lórúkọ, ‘èèpo’ ni à bá pè é dípò ‘ògiri’, nítorí a ti ń sọ èèpo edé, káítìnì sì ni. Ṣùgbọ́n ‘ògiri sẹ́ẹ̀lì’ ti wọ́pọ̀ lẹ́nu, a kò sì ní fi ìyẹn da ìwé ẹnikẹ́ni rú.

Ohun tí a kò lè gbójú fò ni ẹ̀yán tí ó tẹ̀ lé ògiri. ‘Ògiri káítìnì’, gẹ́gẹ́ bí ‘ògiri amọ̀’, túmọ̀ sí pé káítìnì ni a fi ṣe gbogbo rẹ̀. Lára ìwúkàrà, káítìnì kò ju ìdá kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ògiri gbígbẹ lọ. Ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa lára àwọn ìran olú tí ń ta fọ́nrán. ‘Káítìnì inú ògiri’ ni ó tọ́.

Ó ku olùwà. ‘Ẹ́ńsáìmù ni’, ni gbólóhùn wa wí, bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Ìtàn tí ó wà nídìí èyí tó kí a dúró sí díẹ̀, nítorí ó kọ́ àwọn onímọ̀ fúnra wọn lọ́gbọ́n.

Enrico Cabib, tí ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Amẹ́ríkà, ni ẹni tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ káítìnì ìwúkàrà jù lọ. Ní 1971, òun àti Vladimir Farkaš fi hàn pé ẹ́ńsáìmù tí wọ́n rí ń sùn ni. Ó di ìgbà tí a bá fi ẹ́ńsáìmù mìíràn gé e díẹ̀ kí ó tó jí ṣiṣẹ́. Bí a bá ti jí i nínú ìgò, agbára rẹ̀ a máa borí ohun gbogbo, ó lé ní ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ tí a lè wọ̀n. Ta ni kò ní sọ pé òun ni òṣìṣẹ́ náà? Ní 1986, Christine Bulawa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ba àbùdá tí ó ń pèsè ẹ́ńsáìmù yìí jẹ́ nínú ìwúkàrà. Ìwúkàrà náà kò kú. Káítìnì rẹ̀ kò sì dín. Ẹni tí gbogbo ayé ń kí kú iṣẹ́ kọ́ ni ó ṣe iṣẹ́ náà!

Láàárín 1988 sí 1991 ni ọ̀rọ̀ tó tò. Mẹ́ta ni wọ́n. Ìwúkàrà a máa yọ ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Chs3 ni ó ń pèsè òrùka káítìnì sí ọrùn ibi tí ọmọ ti ń yọ, àti èyí tí ó pọ̀ jù nínú káítìnì gbogbo ara, bí ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Chs2 ni ó ń ṣe ìkélé tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ya ìyá kúrò lára ọmọ. Bí a bá mú Chs2 àti Chs3 kúrò pọ̀, ìwúkàrà yóò kú. Ní ti Chs1, ẹni àkọ́kọ́ wa, Cabib àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn ní 1989. Bí ọmọ bá fẹ́ kúrò lára ìyá, ẹ́ńsáìmù kan a máa gé káítìnì ìkélé náà. Bí omi tí wọ́n wà bá kan, gígé yìí lè kọjá ààlà, kí ó sì dá ihò sí ara ọmọ. Chs1 ni ó ń dí i. (Àpá tí ìyapa yìí ń fi sílẹ̀ sára ìyá ní òrùka káítìnì, a sì lè fi kíka irú àpá bẹ́ẹ̀ mọ iye ọmọ tí ó ti yọ. Lára àwa ènìyàn, ọmọ ni ó ń gbé ìdodo kiri. Lára ìwúkàrà, ìyá ni àpá tirẹ̀ hàn jù.)

Olùkọ́ kan lè bi wá pé kí ni èyí kàn án, nígbà tí olùkọ́ bàọ́lọ́jì wà. Ó kàn án nítorí pé òun ni ó ń yan àyọkà, òun ni ó ń ṣe ìbéèrè lé e, òun náà ni ó sì ń fa igi lé ìdáhùn. Ó tún kàn án nítorí pé ara wa wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìran olú ni ó ń fa làpálàpá. Candida albicans tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan a máa ṣe aláìsàn tí agbára rẹ̀ ti dín léṣe púpọ̀. Ara ènìyàn kì í ṣe káítìnì rárá, ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń wá oògùn tí yóò dojú kọ ẹ́ńsáìmù yìí nìkan. Polyoxin àti nikkomycin jẹ́ irú rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ Jàpáànì ti lo polyoxin sí àrùn ohun ọ̀gbìn. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́? Wọ́n jọ ṣúgà tí UDP pọ̀n, wọ́n a sì lọ jókòó sí àyè rẹ̀ nínú ẹ́ńsáìmù. Ṣúgà gidi kò ní rí àyè wọlé, okùn yóò sì dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi ‘kọ́ ògiri’ sọ́kàn yóò kọ ọ́ pé oògùn ń wó ògiri, yóò sì rò pé òun gbà á. Ẹni tí ó fi ‘gba ṣúgà sín tì síta’ sọ́kàn mọ̀ pé ní orí ‘gba’ ni oògùn ti dá iṣẹ́ dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó kọ ‘ẹ́ńsáìmù’ bí ẹyọ kan kò ní lóye ìdí tí nikkomycin Z fi ń mú Chs3 ìwúkàrà gidigidi nígbà tí Chs2 kò kà á sí tó bẹ́ẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa fún àwọn olùyẹ̀wò kò pọ̀. Bí àyọkà bá lo ‘kọ́’, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì dáhùn pẹ̀lú ‘so’, ‘sín’ tàbí ‘ta’, kí a má ṣe fa igi lé e nítorí pé ọ̀rọ̀ àyọkà kọ́ ni ó lò. Ó ṣeé ṣe kí ó ti lóye ju ẹni tí ó kọ àyọkà lọ. Kí a má sì gba máàkì lọ́wọ́ ẹni tí ó yá ‘ẹ́ńsáìmù’ tàbí ‘káítìnì’ lò, bí ó bá ti kọ àmì ohùn sí i bí ó ti yẹ. Àwọn tí ń kọ àyọkà ni kí a bá wí jù, kí wọ́n máa bi olùkọ́ bàọ́lọ́jì ní ìbéèrè kan kí wọ́n tó yan ọ̀rọ̀-ìṣe: níbo ni òṣìṣẹ́ náà dúró sí, apá ibo ni iṣẹ́ sì ń gbà jáde?

A kò sì lé iṣẹ́ ilé kúrò pátápátá. Fún Chs1, ẹni tí ó ń dí ihò ara ọmọ ìwúkàrà, a kò tíì rí ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó dára ju ‘rẹ́’ lọ, bí ìgbà tí a bá fi amọ̀ rẹ́ ojú ògiri tí ó là. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá kọ ọ́ pé Chs1 ń rẹ́ ògiri, kí olùyẹ̀wò fún un ní máàkì rẹ̀ pé.